Ìrù Akọ Ni Orúkọ Aràn Wà

Ẹ la adìẹ ìbílẹ̀ kan tó ti jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé fún bí oṣù mẹ́fà, ẹ ò ní sábà bá irú aràn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Èyí tó gùn bí ìka ọwọ́, tó funfun, tó sì sanra ju àwọn yòókù lọ, inú ìfun ló ń gbé. Àwọn tó dà bí òwú ìránṣọ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ á kún inú àpò ìfun méjì tó wà lápá ìdí. Àwọn kan á sá pamọ́ sábẹ́ awọ yẹ́lò inú iwe, àwọn kan á sì tín-ín-rín débi pé ojú lásán ò fẹ́ẹ̀ rí wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ oko, "a rí aràn" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ó tán.

Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń náni lówó. Oògùn piperazine tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ń pò mọ́ omi adìẹ ń lé aràn ńlá inú ìfun jáde dáadáa, àmọ́ agbára rẹ̀ lórí àwọn kéékèèké inú àpò ìfun ò tó nǹkan, kò sì ràn àwọn tó tín-ín-rín bí irun rárá. Ọlọ́sìn á lò ó, á rí aràn gbọọrọ nínú ìgbẹ́ adìẹ, inú rẹ̀ á dùn. Àwọn tó kù á jókòó pẹ̀sẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Levamisole tàbí fenbendazole ló ń kápá irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó wà nílẹ̀ ò ní mọ̀ pé òun nílò rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti mú un

Kí ẹ tó wo orí tàbí ìrù aràn, ẹ mọ ibi tó ń gbé. Nínú adìẹ, ibùgbé nìkan lè dín orúkọ tó ṣeé ṣe kù sí méjì tàbí mẹ́ta. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé aràn kì í dúró sójú kan lẹ́yìn tí adìẹ bá kú. Bí ara adìẹ ṣe ń tutù ni wọ́n ń rìn: ti inú ìfun lè gòkè wọ inú iwe, ti inú àpò ìfun lè bọ́ sínú ìfun gbọọrọ. Kíá tí wọ́n bá ti pa adìẹ ni kí ẹ là á. Ẹ fi òwú so ìfun pa níbi tí ẹ̀yà kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Abọ́ méje ni ẹ máa tò kalẹ̀: ti ojú, ti ọ̀nà èémí, ti ọ̀fun pẹ̀lú àpò oúnjẹ tó wà níbẹ̀, ti inú kékeré tó ṣáájú iwe, ti iwe fúnra rẹ̀, ti ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, ti àpò ìfun méjèèjì. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ẹ̀yà ara, ọjọ́ àti nọ́ńbà adìẹ sórí bébà kékeré, kí ẹ sì jù ú sínú ìgò pẹ̀lú aràn. Yíǹkì báírò á ṣí nínú ethanol, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n ń fi aràn pamọ́ sí. Ìgò tó jẹ́ pé ara ìta nìkan ni wọ́n lẹ bébà mọ́ sì máa ń di aláìlórúkọ lọ́jọ́ tí ethanol bá ṣàn sí i lára.

Omi iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, ẹ má lo omi lásán. Iyọ̀ ìdáná 9 gíráàmù nínú omi lítà 1 ti tó. Ohun tó wà nínú ara aràn ki ju omi lásán lọ, nítorí náà omi á máa wọ inú rẹ̀, á wú, á bẹ́, ìfun àti ilé ẹyin á sì tú síta. Àwọn kéékèèké inú àpò ìfun ló tètè ń bẹ́ jù. Aràn tó ti bẹ́ ò ṣeé wọ̀n mọ́, àwòrán rẹ̀ náà á sì máa tan ẹni tó bá wò ó lẹ́yìn ọ̀la.

Àpò ìfun ló gba sùúrù jù. Ẹ là á gbọọrọ láti òpin rẹ̀ dé ibi tó ti so mọ́ ìfun, ẹ rì í sínú omi iyọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ohun tó máa jáde rí bíi kòkó mímu tí wọ́n pò ki. Ẹ bu omi iyọ̀ kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí aràn rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ wá rọra da omi òkè nù. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi á mọ́ gaara. Ẹ gbé àwo náà lé láílọ́ọ̀nù dúdú: òwú funfun kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, á máa nà, á tún ká. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun àwòrán ni kí ẹ fi kó wọn, torí ẹ̀mú irin máa ń gé wọn sí méjì.

Iwe ò ṣòro fún ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ adìẹ rí. Ẹ bó awọ yẹ́lò líle yẹn bí ẹ ṣe máa ń bó o, àmọ́ ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo ẹran tó fara tì í. Ní ti inú kékeré tó ṣáájú iwe, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó là á. Tí ẹ bá rí àmì pupa dúdú tó tó orí ìṣáná lára ògiri rẹ̀, abo Tetrameres nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló mu tó fi wú rogodo, ó sì ti há sínú ihò tí omi tó ń mú oúnjẹ dà ti ń jáde. Abẹ́rẹ́ méjì ni kí ẹ fi tú ẹran tó yí i ká, torí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́n, á bẹ́. Akọ rẹ̀ ń bẹ lójú ògiri níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, bíi mìlímítà 5, ó ní ẹ̀gún wínníwínní ní ìlà mẹ́rin lára. Tọkọtaya ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí aràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣa àwọn ńlá kúrò, kí ẹ wá fi etí gíláàsì ha ojú inú rẹ̀, kí ẹ sì da ohun tó bá jáde sórí asẹ́ tí ihò rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Asẹ́ gàrí ò lè ṣe é. Àwọn aràn onírun á gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì kọ pé kò sí.

Bí wọ́n ṣe ń pa á kó má ká

Ethanol 70% ni mo fara mọ́, kí ẹ fi glycerin mílílítà 5 sínú gbogbo mílílítà 95 rẹ̀. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú abọ́ omi gbígbóná títí á fi gbóná tó bíi 60 sí 70 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ má gbé e lé iná, torí òórùn rẹ̀ lásán lè gbiná. Tí ẹ bá ju aràn tó ṣì ń mí sínú ethanol gbígbóná yìí, á nà gbọnrangandan lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa kú. Tútù ni ẹ lò? Á ká bí okùn agogo, ìrù akọ á yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ò sì ní lè rí ohun tí ẹ ń wá lára rẹ̀ láìṣẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ láàbù ló ṣì ń lo formalin. Ó ń mú aràn le gan-an, kì í jẹ́ kó ṣeé yí, ó sì ń ba DNA jẹ́. Ẹ yọ aràn méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀ sínú ethanol 95% tútù bí ẹ bá rò pé wọ́n lè yẹ DNA wọn wò. Àárín ara rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé fún iṣẹ́ yẹn, kí orí àti ìrù kù nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Kí inú rẹ̀ lè hàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ní láti mọ́ bíi gíláàsì. Lactophenol ló yára jù: glycerin ìwọ̀n méjì, lactic acid ìwọ̀n kan, phenol ìwọ̀n kan, omi ìwọ̀n kan. Phenol ń jó awọ ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Aràn inú àpò ìfun lè mọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí aràn ńlá inú ìfun lè gba ọjọ́ mélòó kan. Kò sídìí láti dúró de gbogbo ara rẹ̀. Ẹ gé ìrù akọ níbi sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ fi ìyẹn nìkan síbẹ̀. Ẹni tí kò ní phenol lè da ethanol tó ní glycerin yẹn sínú abọ́, kó dé e láìfún un pa, kó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ethanol á gbẹ lọ, glycerin á kù, aràn á sì mọ́. Ohun tó burú ni kí ẹ gbé aràn láti inú ethanol ju sínú glycerin pọ́ńbélé lẹ́ẹ̀kan náà. Glycerin á fa omi ara rẹ̀ jáde kó tó ráyè wọlé, aràn á sì rún wómúwómú bí ata gbígbẹ.

Ẹ má lẹ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òkè pa. Ẹ fi èérún gíláàsì méjì gbé e sókè díẹ̀ kó má tẹ ìrù pẹlẹbẹ, kí ẹ lè máa fi ìka ti gíláàsì náà síwá sẹ́yìn, kí aràn máa yí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó fara sin nígbà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ á hàn nígbà tó bá dojú bolẹ̀.

Ìwọ̀n gígùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìlà tó wà nínú ojú máíkírósíkóòpù kò ní ìtumọ̀ kankan títí ẹ ó fi gbé e kò rúlà kékeré tí wọ́n fín sórí gíláàsì, lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ká ní ìlà 40 bá máíkírómítà 100 dọ́gba (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ìlà kan jẹ́ máíkírómítà 2.5. Ẹni tó bá pààrọ̀ lẹ́ǹsì tó gbàgbé pé òun pààrọ̀ rẹ̀ ló ń kọ abẹ́rẹ́ akọ tó gùn ju aràn fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn funfun mẹ́ta tó ń da èèyàn rú

Abẹ́rẹ́ akọ tí mo wí yìí, spicule ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Méjì ló máa ń wà lọ́pọ̀ irú, ó le, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti oyin, inú ìrù ló ń gbé, akọ á sì ti í síta láti fi ṣí abo nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Nítorí pé abẹ́rẹ́ irú kan kì í bá ti irú mìíràn mu, òun ló ń sọ orúkọ jù lọ. Orí àti ọ̀fun á sọ agbo tí aràn ti wá, ìrù akọ á wá sọ ọmọ tí í ṣe.

Ascaridia galli ni aràn ńlá inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́. Abo rẹ̀ lè gùn tó mìlímítà 120, akọ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ètè mẹ́ta tó sanra ló yí ẹnu rẹ̀ ká. Ọ̀fun rẹ̀ gùn tààrà, ó kàn fẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní kókó. Níwájú ihò ìdí akọ, ẹ ó rí ẹnu ìfàmọ́ra kan, róbótó, tí etí rẹ̀ le bí òrùka. Abẹ́rẹ́ méjèèjì gùn tó ara wọn.

Heterakis gallinarum ń gbé àpò ìfun. Akọ jẹ́ mìlímítà 7 sí 13, abo 10 sí 15. Òun náà ní ètè mẹ́ta, òun náà ní ẹnu ìfàmọ́ra olórùka, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é ní ọmọ Ascaridia. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀: kókó róbótó kan wà níbẹ̀ bí orí ìlù dùndún, ó sì ní ohun tó ń ṣí tó ń pa nínú. Ọmọ Ascaridia ò ní kókó yẹn bó ti wù kó kéré tó. Ẹ wá lọ síbi ìrù akọ: ìyẹ́ fẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, abẹ́rẹ́ kan gùn tó mìlímítà 2, èkejì kò ju 0.7 lọ. Tí abẹ́rẹ́ bá dọ́gba lára Heterakis kan, kì í ṣe gallinarum. H. isolonche àti H. dispar ni abẹ́rẹ́ wọn dọ́gba, ti dispar sì sábà máa ń wà lára pẹ́pẹ́yẹ.

Àpò ìfun kan náà ni Subulura brumpti ń gbé, ó tó Heterakis ní gígùn, ọ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú ní kókó. Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ yí ìrù akọ kó kọ ikùn sókè: ẹnu ìfàmọ́ra rẹ̀ ò róbótó, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ, kò sì ní òrùka. Abẹ́rẹ́ méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì ju mìlímítà 1 lọ. Eyín mẹ́ta wà nísàlẹ̀ ihò ẹnu rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ẹyin Heterakis tó bá ti dàgbà nínú ilẹ̀, bí adìẹ bá gbé e mì báyìí, ó ti kó o nìyẹn. Ẹyin Subulura ní láti kọ́kọ́ wọ inú yímíyímí tàbí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kí adìẹ tó wá jẹ kòkòrò náà. Oko tí wọ́n ti ń rí Subulura, ibi tí kòkòrò ń kó sí nínú ìgbẹ́ ni kí wọ́n lọ wò.

Àwọn tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Aràn abẹ́ awọ iwe, Cheilospirura hamulosa, ní okùn mẹ́rin tó lọ́ wẹ́rẹwẹ̀rẹ láti orí lọ sí ìsàlẹ̀ lórí awọ ara rẹ̀. Lára Dispharynx, tó ń gbé inú kékeré tó ṣáájú iwe, okùn náà á lọ síwájú díẹ̀, á sì yí padà sókè. Irú méjèèjì, pẹ̀lú Tetrameres, ní ọ̀fun tó pín sí méjì: apá òkè jẹ́ ẹran, ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹṣẹ́ tó ń da omi. Capillaria ni onírun-tín-ín-rín. Ọ̀fun rẹ̀ rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn, ẹyin inú abo sì ní ìdérí lórí méjèèjì bí àgbá tí wọ́n dí lókè nílẹ̀. Èyí tí awọ ẹ̀yìn orí rẹ̀ wú yí i ká ni annulata, inú ekòló ló ń gbà wọ inú adìẹ. Oxyspirura mansoni wà lábẹ́ awọ kẹta tó ń bo ojú. Aáyán ló ń gbé e wá. Syngamus trachea ni ẹ ò lè ṣì mọ̀: ó pupa, ọ̀nà èémí ló ń gbé, akọ àti abo sì lẹ̀ mọ́ra títí ayé débi pé wọ́n dà bí igi ẹlẹ́ka méjì. Tí ẹ bá já akọ kúrò, ẹ ó rí ìrù rẹ̀ tó ṣí bí agbòòrùn tí irin rẹ̀ hàn. Agbòòrùn yẹn ni àmì gbogbo agbo rẹ̀, yálà nínú adìẹ, ewúrẹ́ tàbí ẹṣin.

Orúkọ méjì àti àkámọ́

Orúkọ aràn kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì: ti àkọ́kọ́ ni ti agbo ilé, lẹ́tà ńlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ti ìkejì ni tirẹ̀ gan-an. Schrank, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fún Ascaridia galli àti Heterakis gallinarum lórúkọ, ọdún 1788 fún méjèèjì. Galli túmọ̀ sí ti àkùkọ, gallinarum sí ti àwọn àgbébọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn aràn náà ò mọ akọ adìẹ yàtọ̀ sí abo. Tí ẹ bá rí orúkọ Schrank àti ọdún náà nínú àkámọ́, ó ń sọ pé wọ́n ti gbé aràn yìí kúrò ní agbo tí òun fi í sí. Àkámọ́ ò ṣeé fi sí bó ṣe wuni. Nínú ìwé àtijọ́, Heterakis gallinae tàbí H. papillosa ni ẹ máa bá. Aràn kan náà ni.

Agbo ńlá pàápàá ti yí. Lọ́dún 1998, Mark Blaxter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA pín àwọn aràn yìí sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ascaridia, Heterakis, Subulura àti àwọn olókùn inú iwe bọ́ sí ìkẹta, Syngamus sí ìkarùn-ún, Capillaria sí ìkíní. Èyí túmọ̀ sí pé Syngamus tó ń fún adìẹ lọ́rùn bá aràn wínníwínní inú ilẹ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi tan ju bó ṣe bá Ascaridia tan lọ. Síbẹ̀, lórí tábìlì, ọ̀fun àti ìrù la ṣì ń wò.

Bí ó bá jẹ́ pé abo nìkan ni ẹ rí ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ agbo, kí ẹ fi "sp." sí i, tó túmọ̀ sí irú kan tí a ò dárúkọ, kí ẹ dúró síbẹ̀. Bákan náà ni ti ọmọdé tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì yọ, àti ti aràn tó já. Mo fọwọ́ sí "Heterakis sp." tó dá lórí kókó ọ̀fun ju "Heterakis gallinarum" tó dá lórí pé inú adìẹ ni wọ́n ti rí i.

Ẹyin inú ìgbẹ́ ò sì lè gbà yín là. Ti Ascaridia jẹ́ bíi máíkírómítà 73 sí 92 ní gígùn, ti Heterakis 65 sí 80; ẹyin tó bá jẹ́ 76 lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn, ìrísí wọn ò sì yàtọ̀. "Ascaridia tàbí Heterakis" ni kí ẹ kọ sínú èsì, kí ẹ sì ní kí wọ́n mú adìẹ kan wá kí ẹ là á. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì pàápàá fún ẹni tó fẹ́ kó tòlótòló wá síbi tí adìẹ ti jẹ̀ rí. Inú ẹyin Heterakis ni Histomonas, ohun abẹ̀mí wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí, ń fara pamọ́ sí, òun ló ń pa ẹ̀dọ̀ tòlótòló tí àmì róbótó fi máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹyin náà lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ekòló sì ń gbé e mì pa mọ́. Bí ó bá jẹ́ Heterakis ló wà nínú àpò ìfun adìẹ yẹn, ilẹ̀ ibòmíràn ni kí wọ́n kọ́ ilé tòlótòló sí.